Tọ́ọ̀ṣì Dádì Kékeré

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà láyé mi ń dán débi pé mo rí eyín ara mi nínú ilẹ̀kùn rẹ̀. Lọ́kọ́jà ni mo ti rà á. Mo wà á gba ọ̀nà Ọbàjánà bọ̀ wá sí Kabba, torí mo fẹ́ kí àbúrò bàbá mi kọ́kọ́ gbàdúrà sí i kí n tó wà á dé Ìyàrá lọ́dọ̀ Màámi. Dádì Kékeré là ń pè é. Panẹ́ẹ̀bítà ni. Kí n tó mọ ABD ló ti ń lu bọ́dì ọkọ̀, etí rẹ̀ ọ̀tún sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di tán nítorí ariwo òòlù.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, “Òkun o, ọmọ mi,” ó wo ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, kò tún wò ó mọ́. Ó ní kí n jókòó, kí n jẹun. Mo rò pé inú rẹ̀ kò dùn sí i ni. Àṣé ilẹ̀ tó máa ṣú ló ń dúró dè. Nígbà tí ojú ọjọ́ ti ń di bàìbàì, ó mú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ẹ̀yìn, ó gbé tọ́ọ̀ṣì náà lé ara bọ́dì bí ẹni fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa fi ara ra ilẹ̀kùn lọ sọ́nà iwájú. Ó di ojú kan. Ó ní, “Wá wò ó. Má dúró ṣánṣán, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi tèmi.”

Mo bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn tó tẹ́jú bíi dígí lójú ọ̀sán ti di oko iṣu: ebè lọ, poro bọ̀. Nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ibì kan wú tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, àwọn róró kéékèèké sì tò yí i ká bí ara ìkókó tí ooru mú. Dádì Kékeré ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ òòfà kan tó tú lára spíkà rédíò àtijọ́, ó fi kan ibẹ̀. Òòfà náà jábọ́ sílẹ̀.

“Pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò ni,” ó ní. “Irin ti tán níbí. Ẹni tó tà á fún ẹ, ọ̀dà ló tà.”

Kí n má purọ́, òun ni mo bínú sí lálẹ́ ọjọ́ náà, kì í ṣe ẹni tó gba owó mi. Ọkọ̀ mi ṣì jẹ́ ọkọ̀ tó dáa títí di ìgbà tó tan iná sí i.

Ó ti pẹ́. Lónìí, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa wá ibi tí irin ti ń dógùn-ún lábẹ́ ọ̀dà, láì gé irin náà, láì ha á, láì lù ú. Táńkì, páìpù, ẹsẹ̀ afárá, ohunkóhun tí olówó rẹ̀ kò fẹ́ kí a dá ọgbẹ́ sí lára kó tó mọ̀ bóyá ó ń ṣàìsàn. Owó tí wọ́n fi ra òmíràn nínú àwọn ẹ̀rọ tí mo ń gbé kiri máa ra irú ọkọ̀ yẹn mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, bí mo bá tú wọn palẹ̀ lọ́kàn mi, ohun tí Dádì Kékeré fi tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì méjì ṣe nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìpáàrà la mọ ìdógùn-ún sí, torí Mátíù sọ pé ó ń ba ìṣúra ayé jẹ́. Ní gáráàjì, wọ́n á ní ó ti dógùn-ún, ó parí. Ohun kan náà ni. Irin kì í ti inú ilẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí irin. Ẹ lọ wo Ìtakpé ní ìhà kejì ìpínlẹ̀ wa: òkúta dúdú àti òkúta pupa ló wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀, irin tó ti gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn mì láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Iná líle la fi ń gba ọ́síjìn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó di irin tí à ń lò. Láti ọjọ́ tó bá ti kúrò nínú iná, irin á máa wá ọ̀nà tí yóò fi padà sílé. Omi díẹ̀ àti afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti tó o ní owó ọkọ̀. Ìdógùn-ún tó wà lára páànù àtijọ́ àti òkúta Ìtakpé, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Bí irin bá sì ti ń padà lọ, ńṣe ló ń wú. Ìdógùn-ún máa ń gba àyè tó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́fà àyè tí irin tó jẹ ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òpó kọnkéré fi máa ń là bí irin inú rẹ̀ bá dógùn-ún, ìdí nìyẹn náà tí ọ̀dà fi ń ta róró. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí rèé: ìmọ́lẹ̀ kì í rí ìdógùn-ún tó sápamọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń rí. Ó lè jẹ́ wíwú, ó lè jẹ́ ooru tó lọ́ra, ó lè jẹ́ àwọ̀ tó yí padà bíńtín. Ẹni tó bá mọ èyí tó ń wá ló máa mọ bí yóò ṣe mú tọ́ọ̀ṣì dání.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ló jẹ́ kí èyí yé mi. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1988, Boeing 737 kan ti Aloha Airlines gbéra láti Hilo lọ sí Honolulu, ní Hawaii. Èèyàn 95 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó dé òkè tó tó ẹsẹ̀ bàtà 24,000, òrùlé iwájú rẹ̀ ya kúrò lójijì, àwọn èrò rí ojú sánmọ̀ gbalasa lórí wọn. Afẹ́fẹ́ gbé òṣìṣẹ́ kan tó ń tọ́jú èrò lọ, a kò rí i mọ́ títí di òní. Àwọn awakọ̀ gbìyànjú gan-an, wọ́n gbé ọkọ̀ náà balẹ̀ sí erékùṣù Maui, gbogbo àwọn tó kù sì yè. Ìgbà 89,680 ni ọkọ̀ yẹn ti gbéra tó ti balẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, nínú afẹ́fẹ́ oníyọ̀. Níbi tí páànù alumíníọ̀mù ti gorí ara wọn, gọ́ọ̀mù tó mú wọn pọ̀ ti jáwọ́, ọ̀rinrin wọ àárín, ìjẹra bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹrù sì bọ́ sọ́rùn àwọn ìṣó ríbẹ́ẹ̀tì. Ìlà sísán bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìṣó dé ojú ìṣó.

Ohun kan wà nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Obìnrin kan lára àwọn èrò ti rí ibi tó sán lára ọkọ̀ náà nígbà tó ń wọlé, nítòsí ẹnu ọ̀nà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo lè fojú inú wo obìnrin yẹn. Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, èrò ń tì í lẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín sí i. Ta ni òun tí yóò máa kọ́ ọlọ́kọ̀ ní ọkọ̀ wíwà?

Irú ìjẹra bẹ́ẹ̀, tó wà láàárín páànù méjì, máa ń mú kí páànù òkè wú díẹ̀díẹ̀ láàárín ìṣó sí ìṣó, bí ìrọ̀rí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gán. Wíwú náà kéré débi pé ojú lásán kò rí i. Ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà ṣe ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní D-Sight. Wọ́n á fi iná ra ara ọkọ̀ òfurufú náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ á ta kúrò lára páànù lọ bá aṣọ kan tí hóró dígí wínníwínní bò, irú ohun tó wà lára pátákó ojú títì tó ń mọ́lẹ̀ yòò bí iná ọkọ̀ bá bà á lóru. Hóró dígí wọ̀nyí á dá ìmọ́lẹ̀ padà gba ọ̀nà tó gbà wá, á tún ta lára páànù nígbà kejì, á sì wọ inú kámẹ́rà. Torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ló kan páànù, àbùkù tó kéré jọjọ á di òkè àti àfonífojì nínú àwòrán.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ hàn mí, mo bú sẹ́rìn-ín nínú kíláàsì. Olùkọ́ béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé bàbá mi kan ní Kabba ń ṣe é, kò sì ní hóró dígí?

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí mo máa ń kọjá lára wọn kíákíá bí mo bá ń ṣàlàyé fún èèyàn, torí wọ́n gba ìrọ̀lẹ́ kan odidi. Bí ẹ bá ní lésà kékeré tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ẹ tàn án sára ògiri, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ máa rí i pé kò tẹ́jú, ó ń ta wóró-wóró bí gàrí. Wóró wọ̀nyẹn ń yí padà bí ara ògiri bá sún díẹ̀, kódà bí sísún náà kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Ẹ mú irin gbóná díẹ̀, ẹ fi wóró tòní wé wóró ìṣáájú, ibi tí ọ̀dà ti ṣí kúrò lára irin kò ní sún bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sún. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo òye yẹn. Ó dáa, ṣùgbọ́n kò fẹ́ afẹ́fẹ́, kò fẹ́ kí ilẹ̀ mì, kò sì fẹ́ jẹnẹrétọ̀ nítòsí. Ẹ ò rí i pé kò lè bá wa gbé.

Kámẹ́rà ooru lèmi fẹ́ràn. Ní 1800, William Herschel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, fi dígí pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ òṣùmàrè, ó ń fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru wo bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe gbóná tó. Ó gbé ẹ̀rọ náà kọjá pupa, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan mọ́, ó sì bá a pé ibẹ̀ tún gbóná jù. Ìmọ́lẹ̀ tí a kò lè rí yẹn ni kámẹ́rà yìí ń rí. Bí a bá bu iná fẹ̀ẹ̀ sára irin tí a kùn, ooru á wọlé láti ara ọ̀dà lọ sínú irin, á sì tàn káàkiri. Bó bá dé ibi tí ìdógùn-ún àti afẹ́fẹ́ ti wà láàárín ọ̀dà àti irin, ọ̀nà á dí, ooru á dúró lókè níbẹ̀. Nínú àwòrán, ibẹ̀ á máa tàn nígbà tí àyíká rẹ̀ ti ń tutù. Ìṣẹ́jú àáyá péré ni gbogbo rẹ̀. Ẹ sì wo bí ọ̀rọ̀ ayé ṣe rí: ọ̀dà tó ń tan ojú èèyàn jẹ ni kámẹ́rà yìí nílò. Irin tó ń dán láìní ọ̀dà máa ń ṣe bíi dígí fún ooru, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń gbé wò, kì í ṣe ara rẹ̀.

Ìyà ni mo fi kọ́ ìyẹn. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, mo yẹ páìpù kan wò tí wọ́n fi irin dídán tuntun bò, mo rí ibì kan tó gbóná, ó ga díẹ̀, ó fẹ̀ lókè. Mo yà á, mo kọ ìwé, mo ní kí wọ́n tú ibẹ̀ wò. Wọ́n tú u. Kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá mi wo àwòrán náà títí, ó ní, “Madam, orí nìyí, èjìká nìyí.” Èmi ni. Ooru ara mi ni mo yà nínú fọ́tò, tí mo sì fi ẹ̀sùn kàn.

Ìtàn Raman náà ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. C. V. Raman, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Íńdíà, ló rí i ní 1928 pé bí ìmọ́lẹ̀ bá lu nǹkan, ọ̀pọ̀ jù lọ ń padà pẹ̀lú àwọ̀ tó gbé wá, àmọ́ díẹ̀ báyìí, bí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá, á yí àwọ̀ padà, bó sì ṣe yí i ló ń sọ irú nǹkan tó lù. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1930. Lónìí, a lè tan lésà sí ìdógùn-ún kí a sì mọ irú èyí tó jẹ́, torí kì í ṣe oríṣi kan. Dúdú wà, pupa wà, èyí tó ní àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ wà, òmíràn sì wà tó fẹ́ràn ibi tí iyọ̀ bá wà. Ṣùgbọ́n bí lésà náà bá le jù, ó máa sun èyí tó ní àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ di pupa lójú ẹsẹ̀, ẹ̀yin á sì kọ sínú ìwé pé pupa lẹ bá níbẹ̀. Bí ọlọ́pàá tó lu afurasí títí tó fi jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe.

Ìmọ́lẹ̀ kì í sì í wọnú ilẹ̀. Páìpù gáàsì tó ti Àjàòkúta gba Kàdúná lọ sí Kánò, kìlómítà 614, abẹ́ ilẹ̀ ló gbà. Fún irú ìyẹn, ẹ̀rọ kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní ẹlẹ́dẹ̀ (mi ò ṣeré o) ni wọ́n ń jù sínú páìpù kó máa rìn lọ. Òòfà ló gbé dání, ibi tí irin bá ti tín-ín-rín, agbára òòfà á jò síta. Lẹ́ẹ̀kan sí i, spíkà rédíò Dádì Kékeré. Ìgbà tí ẹlẹ́dẹ̀ bá ti tọ́ka ibì kan tí wọ́n sì wú u jáde ni iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀: lésà á rìn lórí kòtò kọ̀ọ̀kan tí ìdógùn-ún gbẹ́, á wọn bó ṣe jìn sí. Bí jíjìn náà bá ti ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún nínípọn páìpù, kò sí àríyànjiyàn mọ́, títúnṣe ló kù.

Ọdún tó kọjá ni mo lọ sílé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní àdúgbò wa, bóhòlù kan wà tí wọ́n ṣí pẹ̀lú ìlù àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Táńkì rọ́bà dúdú méjì wà lókè, ẹsẹ̀ irin mẹ́rin ló gbé wọn, páìpù onígun mẹ́rin tí inú rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un kùn ní àwọ̀ búlúù ni. Ìrọ̀lẹ́ la dé ibẹ̀, èmi àti Dádì Kékeré, ọ̀nà ilé la wà. Mo ní kámẹ́rà ooru kékeré kan tí mo ń fi sẹ́nu fóònù, mo sì ń fi han àwọn ọmọdé, mo ń ya ojú wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí imú wọn ṣe di dúdú nítorí pé ó tutù. Kámẹ́rà náà ṣèèṣì bọ́ sára ẹsẹ̀ táńkì.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ti tutù. Ìkẹrin ṣì gbóná nísàlẹ̀, láti ilẹ̀ dé orúnkún mi, ibi tí ooru náà parí sí sì gún bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Ìdógùn-ún kì í fa ìlà báyìí. Omi ló ń fà á. Ìwọ̀n omi kan máa ń gba ooru pamọ́ tó ìlọ́po mẹ́sàn-án ìwọ̀n irin kan náà, nítorí náà ó máa ń pẹ́ kó tó tutù lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ẹni tó jó ẹsẹ̀ náà kò dí ẹnu rẹ̀ lókè. Òjò ti ń wọ inú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e nàró, ó ń jẹ ẹ́ láti inú. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Obìnrin bíi mẹ́fà sì wà lábẹ́ táńkì náà, wọ́n ń pọn omi.

Mo ronú kan èrò ọkọ̀ òfurufú yẹn. Ọmọ ilé ni mí, òótọ́, ṣùgbọ́n obìnrin ni mí, mo sì ń gbé ìlú míràn. Ìwọ̀nba ẹ̀rí ọwọ́ mi ni àwòrán oníyẹ́lò kan nínú fóònù. Bàbá tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ omi wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sọ ọ́. Ó wo ẹsẹ̀ táńkì, ó wo èmi. “Ọmọ mi, ọ̀dà tuntun nìyí o. Oṣù tó kọjá ni wọ́n kùn ún.”

“Mo rí i, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan àwọn mẹ́ta tó kù, kí ẹ wá fọwọ́ kan èyí.”

Ó kàn wọ́n. Kò sọ̀rọ̀. Ó ní kí àwọn obìnrin bọ́ sí apá kejì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tú omi inú táńkì dà. Dádì Kékeré mú wẹ́dà kan wá láti Kabba, wọ́n fi igi rọ òkè náà kí wọ́n tó lu ihò kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn, ihò tí kò ju ẹnu bírò lọ. Mo mọ̀ pé ní ilé ẹ̀kọ́ wọ́n á ní èyí kì í ṣe àyẹ̀wò aláìdọ́gbẹ́ mọ́. Omi tó jáde pọ́n bí àgbo ibà. Ó ń dà, ó ń dà, a dúró ń wò ó, ọmọdé kan gbé garawa wá bóyá yóò wúlò, ìyá rẹ̀ pè é padà. Nígbà tí wẹ́dà gé ẹsẹ̀ náà kúrò láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ó gbé e sókè wá sínú oòrùn, ọ̀dà búlúù lóde, inú rẹ̀ ń já bọ́ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Níbì kan, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì wọlé.

Alága kò bú ẹnikẹ́ni. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ṣì máa wà ní ìlú di ọ̀la, torí táńkì ilé ìwé náà, ẹni kan náà ló jó o. Mo ní mo wà. Ó ní kí a lọ wò ó kíákíá. Dádì Kékeré ní rárá, ọ̀sán ṣì ni, kò sí ohun tí a máa rí. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì kan jáde fún wa lábẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé, ẹnì kan lọ ra ẹ̀pà. A jókòó, alága, wẹ́dà, Dádì Kékeré pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí itan rẹ̀, a ń dúró kí ilẹ̀ ṣú.